Ta Ni Kò Tíì San? Bí Rẹ́jísítà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Dáhùn

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè kan: "Nínú àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Sabon Gari ní Kánò, àwọn wo ni kò tíì san owó ọdún yìí?" Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ la fi ń mọ ẹni tí owó ìrànwọ́ ìsìnkú tọ́ sí.

Ìdáhùn náà kò sí lójú kan. Orúkọ, ìlú àti àdúgbò wà nínú rẹ́jísítà kan, owó sísan wà nínú òmíràn. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ló so wọ́n pọ̀: bí Àlàbí bá jẹ́ nọ́ńbà 112, 112 náà la ó rí níwájú gbogbo owó tó bá san. Edgar Codd, tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, ló gbé ètò yìí jáde lọ́dún 1970.

Fóònù yín kì í wọnú rẹ́jísítà fúnra rẹ̀. API ló ń bá sọ̀rọ̀, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tó ń gba ìbéèrè wọlé, tó sì ń gbé èsì jáde. Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, ibi tí rẹ́jísítà wà ni kí wọ́n ti ṣa orúkọ. Bí gbogbo orúkọ bá kọ́kọ́ dé orí fóònù ká tó ṣà á, dátà yín ló ń jẹ, àṣírí àwọn èèyàn sì ti tú.

Èkejì, ẹni tó san díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lè jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ 60 tẹ́ ẹ kà lè jẹ́ èèyàn 20.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Ẹni tí kò san kọ́bọ̀ rí kò sí nínú rẹ́jísítà owó rárá. Bí wọ́n bá kàn so méjèèjì pọ̀, orúkọ rẹ̀ á pòórá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an là ń wá. Bí wọ́n bá sì ní kó wá "owó tí kì í ṣe ti ọdún yìí", ẹni tó san lọ́dún tó kọjá, tó tún san lọ́dún yìí, á bọ́ sáàárín onígbèsè. Ohun tó tọ́ ni kó bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ, kó wá yọ gbogbo ẹni tó ti san tọdún yìí kúrò.

Kẹ́ ẹ tó sanwó iṣẹ́ fún ẹni tó ṣe é, ẹ fi èèyàn mẹ́ta dán an wò: ẹni tó san lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó san lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tí kò san rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó jáde. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì ka orúkọ kankan nípàdé. Kò dáa ká pe ẹni tó ti san ní onígbèsè.