Ilé àtòpọ̀: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò kékeré mọ̀ kó tó náwó sórí ṣọ́ọ̀bù

Ẹni tó bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ilé ìkẹ́rùsí tàbí ibi iṣẹ́ láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn mọ ohun tójú òun rí. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan tí kò ju bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí mẹ́fà náírà lọ ní ìparí ọdún 2023 fò sókè débi pé àwọn kan rà á ní N10,000. Ìjọba àpapọ̀ ní láti pe àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é jókòó, kí wọ́n tó fẹnu kò sí N7,000 sí N8,000. Ẹni tí irú èyí bá bá lórí ìpìlẹ̀, àfi kó dúró ná. Ilé tí kò parí kò sì lè pawó wọlé.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ilé àtòpọ̀ fi yẹ lóhun tí à ń gbé yẹ̀ wò. Ilé àtòpọ̀ ni ilé tí wọ́n ti kan ògiri, òrùlé, ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn, tí wọ́n wá fi ọkọ̀ gbé e lọ síbi tó máa wà, tí wọ́n sì tò ó pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ń gbé tiwọn wá ní odindi yàrá, bíi èyí táwọn èèyàn ń pè ní pótákábìn. Àwọn mìíràn ń kó ògiri wá lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n á sì fi bóòtù dè é mọ́ra wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun àjèjì ni. Òrùka kọnkéré tí wọ́n ń sọ̀ sínú kànga, ọgbà àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ni wọ́n ti ń dà á kí wọ́n tó fi ọkọ̀ gbé e débi tí wọ́n ti gbẹ́ kànga. Ìsọ̀ onípákó tí káfíńtà kàn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, táwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà gbé lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ilé àtòpọ̀ ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn ìlú mìíràn ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é

Lọ́dún 1851, àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ààfin onígíláàsì kan sí Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé. Joseph Paxton ló ya àwòrán rẹ̀. Iléeṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe irin àti gíláàsì rẹ̀, oṣù díẹ̀ ni wọ́n sì fi tò ó. Nígbà tí ìpàtẹ náà parí, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì tún un tò sí Sydenham, níbi tí wọ́n ti ṣí i lọ́dún 1854. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí bọ́ǹbù ti wó ilé ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé àtòpọ̀ tó lé ní 156,000 ni ìjọba wọn gbé kalẹ̀ láàárín ọdún 1945 sí 1949. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ní kí ilé wọ̀nyẹn lò, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń gbé inú wọn lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún.

Ní Sweden, níbi tí ìgbà òtútù ti gùn, èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ìdílé kan ṣoṣo tí wọ́n ń kọ́ ló jẹ́ pé iléeṣẹ́ ni wọ́n ti ń kan ẹ̀yà ara rẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà bẹ́ sílẹ̀ ní Wuhan, ọjọ́ bíi mẹ́wàá péré ni àwọn ará China fi to ilé ìwòsàn Huoshenshan tó ní 1,000 bẹ́ẹ̀dì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020.

Ọmọ Yorùbá náà wà nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ ayàwòrán ilé tí Kúnlé Adéyẹmí dá sílẹ̀ ló kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó léfòó sórí omi ní Mákòókò lọ́dún 2013. Ilé náà wó ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Iléeṣẹ́ náà ti tún àwòrán rẹ̀ ṣe lọ́nà tó fi jẹ́ pé pákó tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ni wọ́n ń tò pọ̀. Lọ́dún 2021, irú rẹ̀ kan di ilé orin lórí omi ní Mindelo, ní orílẹ̀-èdè Cape Verde.

Àǹfààní rẹ̀ fún òwò àti fún àyíká

Àǹfààní kìíní ni àkókò. Bí bíríkìlà bá ń ṣe ìpìlẹ̀ lọ́wọ́, àwọn tó ń kan ògiri lè máa bá tiwọn lọ ní iléeṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Òjò kò sì lè dá wọn dúró. Oṣù tí o fi ṣí ṣọ́ọ̀bù ṣáájú, oṣù tí o fi ń pawó ni.

Èkejì ni ìfiṣòfò. Ẹ wo ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé ládùúgbò yín: òjò á gbá iyanrìn lọ, sìmẹ́ńtì á dì sínú àpò, búlọ́ọ̀kù á fọ́, pákó tí wọ́n fi da dẹ́kìn á di igi ìdáná. Ní iléeṣẹ́, wọ́n ń wọn nǹkan kí wọ́n tó gé e, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù á wúlò fún iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Èyí kan afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí sínú, nítorí pé ṣíṣe sìmẹ́ńtì nìkan ló ń fa nǹkan bí ìdá méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún èéfín kábọ́ọ̀nù tí àwọn èèyàn ń tú sójú ọ̀run lágbàáyé. Ilé tí kò gba sìmẹ́ńtì púpọ̀ ń dín èéfín yìí kù.

Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò. Kọnkéré ń fẹ́ tó ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kí agbára rẹ̀ tó dé ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń kà sí, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ wa, ìkánjú kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ dúró. Ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021 pa èèyàn tó lé ní ogójì. Ohun tí wọ́n ṣe ní iléeṣẹ́, wọ́n lè dán an wò kó tó kúrò níbẹ̀, èyí tí kò bá dára ni wọ́n á yọ sọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni pé ó ṣeé kó lọ. Bí onílẹ̀ bá ní kí o kúrò, búlọ́ọ̀kù tí o kọ́ sórí ilẹ̀ rẹ̀ di tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé àtòpọ̀ ṣeé tú. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀yin lẹ ni ilé náà, nítorí pé lábẹ́ òfin, ohun tí wọ́n bá rì mọ́ ilẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ilẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí

Gbogbo èyí kò sọ pé kí ẹ sáré lọ san owó. Ooru ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ilé onírin tí wọ́n ti kàn sílẹ̀ nílùú òyìnbó ni aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbé ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 1860. Richard Burton, arìnrìn-àjò tó dé Èkó lọ́dún 1861, fi ilé náà wé pósí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1863. Ẹni tó bá jókòó sínú kọ̀ntéénà lóṣù kẹta mọ̀ pé Burton kò parọ́. Ògiri tó ní fóòmù láàárín páànù méjì, òrùlé kejì tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ọ̀dà funfun lórí ni oògùn rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iná àti epo jẹnẹrétọ̀ ni yóò gba owó tí ẹ rò pé ẹ tọ́jú.

Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ntéénà àlòkù fún oúnjẹ, kó wo ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Wọ́n máa ń fi oògùn kòkòrò sí pákó ilẹ̀ kọ̀ntéénà tó ń rin orí òkun. Ẹ pààrọ̀ pákó náà tàbí kí ẹ bò ó pa kí ẹ tó gbé garawa ìrẹsì sí i.

Ìkejì ni ibi tí ògiri ti pàdé ara wọn. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1968, gáàsì bú gbàmù ní àjà kejìdínlógún ilé àtòpọ̀ alágbèérú kan tí wọ́n ń pè ní Ronan Point ní Lọ́ńdọ̀nù. Igun kan ilé náà ya lulẹ̀ látòkè délẹ̀, èèyàn mẹ́rin sì kú, nítorí pé wọn kò so ògiri rẹ̀ mọ́ra wọn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ẹ̀rọ wo oríkèé àti ìpìlẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ilé náà kò ní lè gbéra bí ìjì bá dé.

Ìkẹta ni owó. Díẹ̀díẹ̀ ni àwa ń kọ́lé: búlọ́ọ̀kù lọ́dún yìí, páànù lọ́dún tó ń bọ̀. Ilé àtòpọ̀ kì í dúró de irú owó bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ máa ń tóbi lẹ́ẹ̀kan náà. Owó àjọ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe san gbogbo rẹ̀ tán ṣáájú. Ẹ san apá kan nígbà tí ẹ bá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, apá kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti fojú rí i ní iléeṣẹ́, kí ìyókù dúró títí wọn yóò fi tò ó tán. Iléeṣẹ́ Katerra ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015, kó nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì dọ́là jọ lọ́wọ́ àwọn olówó, síbẹ̀ gbèsè gbé e dé kóòtù ní oṣù kẹfà ọdún 2021.

Ìkẹrin ni ìwé àṣẹ. Pé ilé ṣeé gbé kò sọ pé ẹ lè gbé e síbi tó bá wù yín. Òfin ọdún 1999 fi àkóso ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá sì gbé tirẹ̀ sórí gọ́tà tàbí sábẹ́ wáyà iná ńlá, bó ṣe ná owó náà lọ́sàn-án ni wọ́n lè wá gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìpín ti oníṣẹ́ ọwọ́

Ẹ̀rù lè máa ba bíríkìlà pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn tó ń to ògiri, tó ń fa wáyà àti omi ṣì wà. Wẹ́dà tó ní ọgbà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú férémù òrùlé tó ní ìwọ̀n kan náà. Káfíńtà lè máa kan ilẹ̀kùn àti férémù rẹ̀ pọ̀. Oníbúlọ́ọ̀kù tó ti ń da òrùka kànga lè fi òpó ọgbà kún un. Ohun tó pa Katerra ni kí wọ́n fi ṣe àríkọ́gbọ́n: kí ẹnikẹ́ni má ra ẹ̀rọ ńlá kó tó ní oníbàárà tí yóò máa bá a rajà lóṣooṣù.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tó ni ilẹ̀ tirẹ̀, tó fẹ́ fi ilé jogún fún ọmọ, lè máa bá búlọ́ọ̀kù lọ. Ẹni tó háyà ilẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọjà kó tó di ọdún, kó béèrè iye owó méjèèjì, kó ṣírò oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà, kó sì fi owó iná kún un kó tó mú ọ̀kan.