Wíwá Orísun Ariwo Nínú Rédíò Àfọwọ́ṣe Tí Sọ́fítíwíà Ń Darí

Ìfáárà

Rédíò tí sọ́fítíwíà ń darí ni rédíò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí sákíìtì máa ń ṣe nínú rédíò àtijọ́. Ní ọdún 2002, Gerald Youngblood bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nínú ìwé àtìgbàdégbà QEX, ní Amẹ́ríkà, bí ènìyàn ṣe lè fi káàdì ohùn kọ̀ǹpútà ṣe irú rédíò bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣòro tí ó sábà máa ń kojú ẹni tí ó bá ṣe é ni ariwo tí ń bo ohùn ọ̀nà jíjìn mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn a sì sáré ra ańpìlífáyà. Àlàyé iṣẹ́ yìí ni pé wíwá orísun ariwo ni ó yẹ kí ó ṣáájú, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Orísun Ariwo

Ọ̀nà mẹ́ta ni ariwo ń gbà wọlé. Èkíní ni áńtẹ́nà, tí ó ń kó ariwo mànàmáná ojú ọ̀run, ti ínfátà àti ti ṣájà fóònù mọ́ ohùn tí à ń wá. Èkejì ni wáyà tí ń gbé iná wá àti okùn USB. Ẹ̀kẹta ni ara sákíìtì gan-an. Ní ọdún 1928, J. B. Johnson fi hàn pé ooru inú rẹ̀sísítọ̀ ń dá ariwo sílẹ̀. Kò sí sákíìtì tí ó bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ní ọdún 1944, Harald Friis fi ìṣirò hàn pé bí ìpele àkọ́kọ́ bá fún ohùn ní agbára tó, ariwo tirẹ̀ ni yóò borí ti àwọn ìpele tí ó tẹ̀lé e.

Ìdánwò àti Àtúnṣe

Kí a yọ áńtẹ́nà, kí a fi rẹ̀sísítọ̀ 50 ohm rọ́pò rẹ̀. Bí ariwo bá lọ sílẹ̀ púpọ̀, ìta ni ó ti ń wá, bí ó ti sábà máa ń rí ní ìsàlẹ̀ 30 MHz. Ańpìlífáyà kò lè wo èyí sàn, nítorí bí ó ti ń gbé ohùn ga ni yóò máa gbé ariwo ga. Gbígbé áńtẹ́nà jìnnà sí ilé àti pípa àwọn ẹ̀rọ inú ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò fi ọ̀daràn hàn.

Bí ariwo kò bá lọ sílẹ̀, kí a gbé rédíò àti kọ̀ǹpútà alágbèéká sórí bátìrì. Bí ó bá dákẹ́, iná tí ń wọlé ni ó jẹ̀bi. Kàpásítọ̀ 100 nF tí a jó mọ́ ìdí ẹsẹ̀ iná IC kọ̀ọ̀kan, àti òrùka ferrite lára okùn USB, yóò dín in kù. Bí ó bá jẹ́ ìkùn 50 Hz tàbí 60 Hz, a jẹ́ pé wáyà ilẹ̀ méjèèjì ti so kọ́ra wọn. Tiransifọ́mà kékeré láàárín rédíò àti káàdì ohùn yóò yà wọ́n. Bí kò bá dákẹ́ síbẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ ni kí a yẹ̀ wò.

Ìgúnlẹ̀

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a dá áńtẹ́nà padà. Bí ariwo bá gòkè ju ti rẹ̀sísítọ̀ lọ kedere, etí rédíò náà ti ṣí tó. Ańpìlífáyà mìíràn kò ní fi ohùn kankan kún ohun tí à ń gbọ́, owó lásán ni yóò gbé lọ.