Ẹni tó ṣojú àti ẹni tí a rán: lórí zaakgelastigde àti ìránṣẹ́

Ní Kétu àti Pobè, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba, «aṣojú» ni a sábà fi ń túmọ̀ chargé d'affaires. Aṣojú kan náà ni a ń pe ańbásádọ̀. Bí a bá sì gé ṣòfin kúrò, òun náà ni député. Àdéhùn Vienna ti ọdún 1961 yà wọ́n sọ́tọ̀: olórí orílẹ̀-èdè ni a ń rán ańbásádọ̀ sí, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ni a ń rán chargé d'affaires sí. Ìtumọ̀ wa pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́.

Àwọn ará Họ́láńdì ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní zaakgelastigde. Zaak ni ọ̀ràn. Last ni ẹrù, ó sì tún jẹ́ iṣẹ́ tí a pa láṣẹ. Ge- àti -d inú gelastigd fi hàn pé ẹlòmíràn ló ṣe nǹkan sí ẹni náà. -E ìparí ló sọ ọ́ di orúkọ ènìyàn. Ẹni tí a gbé ọ̀ràn lé lórí ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni chargé ti Faransé, tó wá láti inú carrus, ọkọ̀ ẹrù àwọn ará Róòmù.

Aṣojú kò rí bẹ́ẹ̀. A- + ṣe + ojú ni: olùṣe ni a- ń tọ́ka sí, bíi ti apẹja àti akọ̀wé. Kò sọ ẹni tó rán an.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìránṣẹ́: ì- + rán + iṣẹ́. Iṣẹ́ ni ì- sábà máa ń dá, bíi ìkọ̀wé, ìpẹja. Níbí, ènìyàn ló dá, ẹni tí a rán ní iṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó ránni. Bákan náà ni ìlàrí, àwọn ẹmẹ̀wà tí Aláàfin ń rán sí ìlú òkèèrè: ì- + là + orí, ẹni tí a la orí rẹ̀. Àwọn méjèèjì bá gelastigde dọ́gba.

Wọ́n á ní ìránṣẹ́ kéré jù, pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá pe pásítọ̀ ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run? Ẹni tó rán an ló ń fún un níyì. Ní ilẹ̀ tí àdéhùn oṣù kẹjọ ọdún 1889 pín sí méjì, Kétu fún Faransé, Ìmẹ̀kọ fún Gẹ̀ẹ́sì, ó yẹ kí a lè bi ẹni tó bá dé pé: ta ló rán ọ? Ìránṣẹ́ ọ̀ràn ìlú ni èmi yóò kọ fún chargé d'affaires; kí aṣojú wà fún ańbásádọ̀.