Ọmọ tí Ó Lè Ka Fáátíhà, Ṣùgbọ́n tí Kò Lè Tọrọ Omi

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin bàbá, àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, tí wọ́n lè ka Fáátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wọn, ṣùgbọ́n bí òǹgbẹ bá ń gbẹ wọ́n, wọn kò lè wí pé, "Màmá, omi." Ọwọ́ ìyá wọn ni wọn yóò fà lọ sí ìdí àmù. Bí a pè wọ́n lórúkọ, wọn kò ní yíjú. Bí a já ọ̀rá bísíkíìtì ní yàrá kejì, wọn yóò sáré wá. Àwọn àgbà ilé a máa wí pé, "Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀." Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó pé ọdún méjì tí kò tí ì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi "omi dà" tàbí "gbé mi," ó yẹ kí á gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí á má ṣe dúró dìgbà tí yóò wọ ilé-ìwé.

Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa kò lè mọ ọ̀rọ̀ sọ. Lẹ́yìn èyí ni dókítà yóò wá máa bèèrè: Ǹjẹ́ ọmọ a máa nàka sí nǹkan láti fi hàn yín? Ǹjẹ́ ó máa ń wo ojú yín bí ẹ bá ń bá a ṣeré? Ǹjẹ́ ó máa ń fi agolo ṣe bí ẹni tí ń se ọbẹ̀? Ìyá tí ó jókòó síbẹ̀ ti mọ ìdáhùn kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí wọ́n bá wá dárúkọ rẹ̀ pé ọ́tísìm ni, pé bí ọpọlọ ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ ni, pé kì í ṣe ohun tí abẹ́rẹ́ lè lé lọ, ilẹ̀ á yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má ṣe bá a wí bí ó bá sunkún. Ọmọ tí ó ti ń fọkàn rò, tí yóò parí Àlùkùránì, tí wọn yóò ṣe wòlímọ̀ fún, ni ó ń sunkún rẹ̀. Èyí tí ó gbé lọ síbẹ̀ láàárọ̀ náà ni ó gbé bọ̀, ebi sì ti ń pa á. Àwọn bàbá kì í sábà sunkún ní tiwọn. Wọn a ní dókítà kò mọ iṣẹ́. Kò burú láti lọ bá dókítà kejì, bí kì í bá ṣe pé ọdún kan á ti lọ láàárín.

Ẹ̀bi ni ó burú jù. Ìyá ọkọ á bèèrè ohun tí ìyàwó jẹ nígbà oyún. Ẹlòmíràn á ní àlùjọ̀nnú ni. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní 1943, Leo Kanner, dókítà kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọmọ 11 tí wọ́n rí báyìí, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì wá ń sọ pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ ni ó fà á. Bernard Rimland, tí ọmọ tirẹ̀ náà ní in, kọ ìwé tako wọn ní 1964. Ní 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter gbé ọ̀rọ̀ ìbejì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìbejì 11 tí wọ́n jọra pátápátá, 4 ni àwọn méjèèjì ti ní in. Nínú 10 tí wọn kò jọra bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀kan. Ìyá kan náà, ilé kan náà. Ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ọmọ àkọ́kọ́ nínú ìwé Kanner ni Donald Triplett, ará Mississippi. Kí ó tó pé ọdún méjì ni wọ́n ti kọ́ ọ ní Sáàmù kan nínú Bíbélì tí ó ń kà á lórí, ṣùgbọ́n kò bìkítà fún ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀. Ní 1937 àwọn òbí rẹ̀ fi í sílé ìtọ́jú kan, wọ́n sì mú un padà wálé lọ́dún kejì. Ó dàgbà, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó ń wa mọ́tò fúnra rẹ̀, ó rin ìrìn-àjò káàkiri, ó sì kú ní 2023 lẹ́ni ọdún 89. Òótọ́ ni pé ìdílé ìyá rẹ̀ ni ó ni báńkì ọ̀hún, a kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí wọn kò ní sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi dàgbà, kò sì sí dókítà tí ó lè ṣèlérí fún yín.

Ẹ lè lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí UCH ní Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá náà ní ẹ̀ka ọmọdé ní Òṣòdì. Kí orúkọ ibẹ̀ má ṣe dẹ́rù bà yín. Nílé, ẹ mú ife omi dání, ẹ wí pé "omi," kí ẹ sì dúró díẹ̀. Ohùn yòówù tí ó bá jáde lẹ́nu rẹ̀, kódà bí ó jẹ́ "o" lásán, ẹ fún un mu lójú ẹsẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ sì lọ bá áfáà ilé kéwú, kí ó ṣàlàyé fún un pé ọmọ yìí kì í ṣe aláìgbọràn, kí áfáà mú un jókòó sí tòsí ara rẹ̀, kí ó sì gbé pàṣán kúrò níbẹ̀.