Ọgbọ́n àtọwọ́dá àti agbára ìpinnu

Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá àti agbára ìpinnu dá lórí ẹni tí yóò dáhùn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá pinnu ohun tó kan ayé ènìyàn. Owó yíyá lórí fóònù jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí oníṣòwò kan ní Ọjà'ba, ní Ìbàdàn, bá fẹ́ yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn tó mọ̀ ọ́n ni yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ó sì lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Lórí fóònù, kọ̀ǹpútà lè kọ̀ fún un láìsọ ìdí.

Abala 37 nínú Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti má ṣe wà lábẹ́ ìpinnu ńlá tí ẹ̀rọ nìkan ṣe. Òfin náà fàyè gba irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ bí àdéhùn bá nílò rẹ̀, bí òfin bá fàṣẹ sí i, tàbí bí ẹni náà bá gbà. Síbẹ̀, ẹni náà lè béèrè pé kí ènìyàn dá sí i, ó lè sọ tẹnu rẹ̀, ó sì lè tako ìpinnu náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí kò lè wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní in.