Ọba Tí Ó Fi Ẹsẹ̀ Ẹlòmíràn Dúró

Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó mọ̀ pé ìjàkadì ni orò ìlú Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹni tí ó bá sì ti wo ibi tí àwọn géńdé ti ń jìjàkadì yóò mọ̀ pé, bí ó ti wù kí àwọn ará ilé hó lẹ́yìn ẹni tí ń jà tó, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi dúró nínú agbo. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá múlẹ̀, ariwo wọn kò lè gbé e ró. Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni ìtàn Joaṣi ọba Juda fi ń kọ́ àwa ìyá ọmọ.

OBÌNRIN KAN GBÀ Á LÀ

Ìtàn náà wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì àti Ìwé Kíróníkà Kejì. Nígbà tí Ataliah, ìyá Ahasiah ọba, rí i pé ọmọ òun ti kú, ó dìde pa ìdílé ọba run, ó sì gba ìjọba. Ṣùgbọ́n Jehoṣeba, arábìnrin Ahasiah, tí í ṣe aya Jehoiada àlùfáà, jí Joaṣi ọmọ ọwọ́ gbé kúrò láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ pa. Ó fi òun àti alágbàtọ́ rẹ̀ pamọ́, ọmọ náà sì wà nínú ilé Olúwa fún ọdún 6. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá: ọdún 6 láìjẹ́ kí igbe ọmọ dé etí ọ̀tá!

Joaṣi jẹ́ ọmọ ọdún 7 nígbà tí Jehoiada gbé e jáde tí wọ́n sì dé e ládé. Ó lo 40 ọdún lórí ìtẹ́ ní Jerusalẹmu. Ní gbogbo ọjọ́ ayé Jehoiada, ọba ṣe dáadáa. Àlùfáà yìí ni ó kọ́ ọ, òun náà ni ó fẹ́ aya fún un. Ọba fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n tún ilé Olúwa ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ náà falẹ̀ títí di ọdún 23 ìjọba rẹ̀, wọ́n lu ihò sí ìdérí àpótí kan, wọ́n gbé e sí ẹ̀bá pẹpẹ, wọ́n sì ń fi owó iṣẹ́ sínú rẹ̀. Ta ni ì bá rí i nígbà náà tí kò ní pè é ní olùfọkànsìn?

NÍGBÀ TÍ ÒPÓ YẸ̀

Jehoiada kú ní ẹni 130 ọdún. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìjòyè Juda wá, wọ́n wólẹ̀ fún ọba, ọba sì gbọ́ tiwọn. Wọ́n kọ ilé Olúwa sílẹ̀, wọ́n ń bọ òrìṣà. Nígbà tí Sekariah ọmọ Jehoiada bá wọn wí, ọba pàṣẹ kí wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa nínú àgbàlá ilé Olúwa tí ọba kan náà ti tún ṣe. Ọmọ ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ ikú ni ó pa! Nígbà tí ọdún yí po, ọmọ ogun Siria tí kò pọ̀ níye ṣẹ́gun Juda. Àwọn ìránṣẹ́ Joaṣi sì pa á lórí ibùsùn rẹ̀. Wọn kò sin ín sí ibojì àwọn ọba, bẹ́ẹ̀ ni Jehoiada tí kì í ṣe ọba ni wọ́n sin sáàárín wọn.

Bí a bá fi ojú inú wò ó, kì í ṣe pé Joaṣi kò rí ẹni kọ́ ọ. Ìgbàgbọ́ Jehoiada ni ó ń bá rìn. Kò ní tirẹ̀. Bí ó ti ń gba ti àlùfáà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó gba ti àwọn ìjòyè. Ẹni tí ó bá ti sún mọ́ ọn ni ó ń tẹ̀lé.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA ÌYÁ

Ní Ọ̀fà, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń gbé, kò ṣòro láti rí ọmọ tí ń kírun tàbí tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé ìyá rẹ̀ dúró tì í. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ yóò wọkọ̀ lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn. Láti ìgbà tí Ìjọba Àpapọ̀ ti dá Pọlitẹ́kíníìkì Ọ̀fà sílẹ̀ ní ọdún 1992, àwọn ọmọ ọlọ́mọ láti ìlú mìíràn náà ń wá gba yàrá níbẹ̀, láìsí ìyá tí yóò béèrè ibi tí wọ́n sùn. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ń mọ ohun tí ó wà nínú ọmọ.

Kí ni kí á wá ṣe? Èkíní, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ ìdí. Bí ẹ bá ní kí ó má purọ́, ẹ sọ ohun tí irọ́ ń bàjẹ́ fún un. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí pé ìyá sọ bẹ́ẹ̀ nìkan ni, ìdí náà yóò tán lọ́jọ́ tí ìyá kò bá sí níbẹ̀. Èkejì, ẹ jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìbáà ṣe gbólóhùn kan péré. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ó máa ṣe ìpinnu kéékèèké nígbà tí ẹ ṣì wà nítòsí. Bí aláte bá ṣèèṣì fún un ní ṣẹ́ńjì tí ó pọ̀ jù, ẹ dákẹ́ ná, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣe, kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ́ ọ kí ó máa ṣọ́ra fún ọ̀rẹ́ tí ń yìn ín lójoojúmọ́ tí kì í bá a wí. Àwọn ìjòyè Juda kò yọ idà sí ọba. Ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n fi mú un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa fúnra wa pẹ̀lú. Ìyàwó mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ojú ìyá ọkọ ni ó ń wò tí ó fi ń ṣe jẹ́jẹ́, ojú ọkọ ni ó ń wò tí ó fi ń gbàdúrà. Ìyá ọkọ yóò re ibi tí àgbà ń rè. Ọkọ lè rin ìrìn àjò. Kí obìnrin bi ara rẹ̀ léèrè nísinsìnyí ohun tí yóò kù ní ọwọ́ òun lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ ńlá ni Jehoṣeba ṣe, àwa náà sì ń ṣe irú rẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá dáàbò bo ọmọ wa. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti ṣe èyí tí ó kù, kí ẹsẹ̀ wọn lè múlẹ̀ nígbà tí àwa kò bá sí lẹ́yìn wọn mọ́.