Orin 18 Láàárín Ìṣẹ́jú 15

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Bóyá ni ẹgbẹ́ olórin kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ìṣe rẹ̀ bá òwe yìí mu tó ti àwọn mẹ́ta tí a mọ̀ sí Minutemen. Ní 1981 ni wọ́n gbé àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ jáde, èyí tí wọ́n pè ní The Punch Line. Orin 18 ni ó wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 15 péré sì ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ẹni tí ó bá gbé omi ọkà kaná, kí omi náà tó hó, àwo lè ti tán.

Orin pọ́ǹkì ni wọ́n ń kọ, orin tí àwọn ọ̀dọ́ New York àti London gbé dìde ní nǹkan bí 1975 sí 1977, tí wọ́n ní kò dìgbà tí ènìyàn bá di ọ̀gá nídìí gìtá kí ó tó lè sọ tẹnu rẹ̀. Ó yára, ó le, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ orin ni yóò fi ọwọ́ di etí. A kò bá wọn jà. Ìṣẹ́jú 15 péré ni a tọrọ lọ́wọ́ wọn.

D. Boon ni ó ń ta gìtá tí ó sì ń kọrin jù, Mike Watt ni ó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, George Hurley sì ni onílù. San Pedro, èbúté ìlú Los Angeles, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi àti apẹja ń gbé, ni ilé wọn. Láti kékeré ni Boon àti Watt ti ń ṣe ọ̀rẹ́.

Kò sí orin kan nínú àwo náà tí ó pé ìṣẹ́jú méjì. Bí ọ̀rọ̀ bá ti tán, orin tán. A kì í fi ègbè fa á gùn. Boon mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ohùn gìtá rẹ̀ tínrín kí ó sì mú, kí ti Watt àti ìlù Hurley lè rí àyè. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, onígìtá ni ọba, àwọn yòókù a sì máa ru agboòrùn lé e lórí. Níhìn-ín, ẹni mẹ́ta ni ó ń sọ̀rọ̀ pọ̀, a sì ń gbọ́ ti olúkúlùkù. Watt ti ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni Boon ka èyí sí.

Òṣèlú sì kún inú orin wọn. Èyí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àwo náà fi Ọ̀gágun Custer ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣẹ́gun tí wọ́n sì pa ní Little Bighorn ní 1876, ṣùgbọ́n tí ìwé ìtàn àwọn aláwọ̀ funfun sọ di akọni fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tí wọ́n kọ́ yín rí pé Mungo Park ni ó “ṣàwárí” Odò Ọya yóò mọ ohun tí àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí ń bá jà. Orin mìíràn wà fún El Salvador, níbi tí ogun abẹ́lé ti ń jà nígbà náà, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì ń fi owó àti ohun ìjà ran ìjọba ibẹ̀ lọ́wọ́.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan, SST, tí olórin ẹlẹgbẹ́ wọn Greg Ginn dá sílẹ̀, ni ó gbé àwo náà jáde. Ìṣe àwọn mẹ́ta yìí ni kí wọ́n gba ilé ìgbohùnsílẹ̀ lóru nígbà tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀, kí wọ́n lo téèpù àlòkù, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ru ẹrù. Ẹni tí kò jẹ gbèsè ńlá, ta ni yóò pa á lẹ́nu mọ́?

A kò ní purọ́: orin mìíràn níbẹ̀ dà bí ilé tí a kò kan òrùlé rẹ̀, ìkánjú sì gbé ọ̀rọ̀ mìíràn mì pátápátá. Síbẹ̀, nígbà tí àwo bá dákẹ́, a máa ń rí i pé ọwọ́ wa ti tún ń gbé abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 1985, Boon kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Arizona. Ọmọ ọdún 27 ni. Watt kò fẹ́ fọwọ́ kan gìtá mọ́. Olùgbọ́ wọn kan, Ed Crawford, ọ̀dọ́ kan láti Ohio, ni ó wá a lọ sí San Pedro, tí ó sì bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ní 1986, òun, Watt àti Hurley dá ẹgbẹ́ fIREHOSE sílẹ̀, Crawford sì ni onígìtá.